Ẹ̀yìn Ẹni Tó Ń Gbé Ọmọ

Bí ẹ bá wọ ilé tí akàndá ọmọ wà, ẹ má tíì wo ọmọ náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé e. Bí ẹ̀yìn yẹn bá ṣì dúró ṣánṣán, ìtọ́jú ń lọ déédéé. Bó bá ti tẹ̀, tí ìyá ní láti fọwọ́ di ìbàdí mú kó tó lè dìde lórí àpótí, ẹ mọ̀ pé ẹni méjì ló ń fẹ́ ìtọ́jú nínú ilé náà.

Káfíńtà ni mí ní Ìgèdè-Èkìtì. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni àwọn ìbejì mi. Táyé ń lọ sílé ìwé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń bá mi di pákó mú tí mo bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Kẹ́hìndé kò lè dá jókòó, kò lè dá oúnjẹ fi sẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, bí hámà bá sì ṣèèṣì bà mí lọ́wọ́, òun ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ló ń gbé e dìde láàárọ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó tún ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì lóru. Nígbà tó wà ní ìkókó, iṣẹ́ abiyamọ ni gbogbo èyí. Ọmọ ọdún méjìlá kì í ṣe ẹni à ń pọ̀n mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò dín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìrànlọ́wọ́ yòówù tí ìjọba, ìjọ tàbí ẹbí bá gbé wá fún akàndá, ìbéèrè kan ni kí ẹ fi dán an wò: kí ló mú kúrò nínú iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́?

Ohun tó ń fà á

Táyé ké bó ṣe délẹ̀. Kẹ́hìndé pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, kò ké. Kó tó di pé ó mí dáadáa, atẹ́gùn tó ń dé ọpọlọ rẹ̀ ti dín jù. Orúkọ tí àwọn dókítà fún ohun tó ṣe é ni cerebral palsy. Kò ràn. Kì í ṣe àfọwọ́fà ọmọ, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọgbẹ́ ló wà nínú ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ìbáà jẹ́ nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Ọgbẹ́ náà kì í tóbi sí i, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tí apá ọpọlọ yẹn ń darí lè máa le sí i bí ọmọ ṣe ń ga.

Àwọn baba wa ní ojú tí wọ́n fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, aràrá, àfín àti arọ. Wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í fọ aṣọ tó tutù. Ó sì yẹ kí á mọ ohun tó ń fa ọgbẹ́ náà, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣe é dènà.

Ní ilẹ̀ wa, ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà ọmọdé sábà máa ń bá nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà apọ́njú tó pọ̀ jù nínú ọmọ tuntun, àti àrùn tó gun ọpọlọ, irú èyí tó ń mú ọrùn ọmọ le gan. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì kí aláboyún, pàápàá ẹni tó lóyún ìbejì, bí sí ibi tí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mí wà, tí irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní tòsí.

Ti ibà apọ́njú ló ń dùn mí jù, nítorí inú àpótí aṣọ wa ni ohun kan tó ń dá kún un wà. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀, róbótó funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú rẹ̀ á di pupa rúsúrúsú. Bí ohun pupa tó ń mú ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á wọ inú ọpọlọ. Nítorí náà, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ má sì fi aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀ wé e.

Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń tọ́jú ibà apọ́njú nílé ìwòsàn. Bó bá ti pọ̀ kọjá ti iná, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Omi gúlúkóòsì kì í wò ó. Ọ̀rọ̀ oòrùn àárọ̀ tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ ní ibi tí òótọ́ rẹ̀ wà, ó sì ní ibi tí ewu rẹ̀ wà. Ní 2015, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, New England Journal of Medicine, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní ọsibítù ìgbẹ̀bí ńlá kan ní Èkó. Wọ́n ta ọ̀rá pàtàkì kan bo orí àtíbàbà, ọ̀rá náà ń dí ooru àti ìtànṣán tó ń jó awọ ara, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kọjá. Fún ibà apọ́njú tí kò tíì le jù, ó ṣiṣẹ́ bí iná ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọmọ wà níbẹ̀; kò sí wọn nínú àgbàlá wa. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Gìrì ni ohun kejì tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní irú ọgbẹ́ ọpọlọ yìí ló ń ní gìrì. Nílẹ̀ Yorùbá, àgbo kan wà tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù àti nǹkan mìíràn ṣe. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń kígbe pé àgbo yìí ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó sì lè fi ọgbẹ́ tuntun kún ọgbẹ́ ọpọlọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì fi iná sun ún lẹ́sẹ̀. Ẹ wo aago. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn wà tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ kí gìrì má bàa wá. Gbogbo gìrì tí oògùn bá dá dúró, òru oorun kan ló jẹ́ fún ìyá.

Àga

Ibi tí ọwọ́ tèmi wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Kí Kẹ́hìndé tó ní àga tirẹ̀, orí itan ni ìyá rẹ̀ ti ń fún un lóúnjẹ, ọmọ á sùn gbalaja, orí á kọ sẹ́yìn. Oúnjẹ a máa ṣì ọ̀nà, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ á tẹ̀ lé e. Físíò (physiotherapist) kan ní Adó ló là mí lójú. Ó ní igun mẹ́ta ni kí n mójú tó: ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Bí síkúwéà mi bá bá igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, ọmọ á jókòó.

Mo wọn ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ dé kòtò orúnkún, mo yọ fífẹ̀ ìka méjì kúrò kí etí àga má bàa máa gún un. Mo wọn kòtò orúnkún dé gìgísẹ̀, ibẹ̀ ni mo fi pákó ìtẹ̀sẹ̀ sí, torí ẹsẹ̀ tó bá ń rọ̀ dirodiro kì í jẹ́ kí ara balẹ̀. Mo kan igi kúkúrú kan tí mo fi fóòmù wé sáàárín itan rẹ̀, nítorí iṣan rẹ̀ máa ń fa orúnkún méjèèjì pọ̀, bí ìyẹn bá sì pẹ́, egungun itan lè yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀. Bẹ́líìtì gba ìbàdí, kì í ṣe ikùn. Mo gbé tábìlì kékeré síwájú fún ọwọ́ méjèèjì, mo sì lu ihò tẹ̀ léra wọn sára ẹsẹ̀ àga kí pákó ìtẹ̀sẹ̀ lè máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn.

Ní báyìí, iwájú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń jókòó sí tó bá ń fún un lóúnjẹ, ojú wọn ṣe wẹ́kú, àgbọ̀n ọmọ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, oúnjẹ ń gba ọ̀nà tó yẹ. Ohun tó ki díẹ̀ ló rọrùn fún un ju omi lásán lọ: ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ̀wà lílọ̀, àmàlà rírọ̀. Iyán ni kò ṣe é ṣe, torí ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lájà ẹnu. Ọmọ Èkìtì tí kò lè jẹ iyán! Ìyá mi àgbà ò tíì dárí ìyẹn ji ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní káfíńtà, pákó sì ti gbówó lórí. Ní Zimbabwe, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bevill Packer kọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ bí wọ́n ṣe lè fi páálí àti ìwé àlòkù ṣe àga. Wọ́n á to páálí léra wọn, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi fúláwà sè lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á kùn ún. Ó ń gba ọmọ dúró bí igi. Ọgbọ́n náà ti tàn kálẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìyá tó bá lè kó páálí ìndómì jọ ní ọjà lè bẹ̀rẹ̀.

Kò mọ sórí àga. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì ga dé ìbàdí ìyá rẹ̀, kó má bàa máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Mo kan àpótí ìwẹ̀ tó ní ìfẹ̀yìntì. Mo fi sìmẹ́ńtì ṣe ẹnu ọ̀nà ní dídàgẹ̀rẹ̀. Owó tó bá iṣẹ́ wọ̀nyí lọ kò tó owó tí à bá ná sórí ìrora ẹ̀yìn.

Ti kẹ̀kẹ́ arọ nìkan ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ìtọrẹ fetí sí. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tó máa gùn ún mu, kí ẹnì kan sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n gbé ọmọ kékeré sí á tẹ ẹ̀yìn ọmọ ni. Ní Jos, ọkùnrin kan tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú nígbà èwe, Ayuba Gufwan, dá ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ sílẹ̀ ní 1999. Wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ wà, tó lè gba ọ̀nà ìlú wa tó kún fún òkúta. Òun náà ló padà di olórí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá. Wẹ́dà tó lè tún un ṣe wà ní gbogbo ìlú. Kẹ̀kẹ́ tó ti òkèèrè wá, tí táyà rẹ̀ bá jò, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń parí sí.

Òfin àti káàdì

Ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ní àbùkù ara tó ń dí i lọ́wọ́ gan-an, iye wọn lé ní bílíọ̀nù kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé mélòó kan.

Ní January 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá léèwọ̀. Òfin náà ní kí gbogbo ilé ìjọba àti ibi tí ará ìlú ń wọ̀ ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ láàárín ọdún 5. Gbèdéke náà ti pé láti January 2024. Ilé iṣẹ́ tó bá ya akàndá sọ́tọ̀ á san ₦1,000,000. Èèyàn lásán á san ₦100,000, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Nínú òfin yìí kan náà, akàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn lórí ìlà. Ẹni tí àìlera rẹ̀ jẹ́ ti èrò orí (mental disability) sì ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́nu yín. Bí ẹ bá dé ibi tí ìlà ti gùn, ẹ kí nọ́ọ̀sì dáadáa, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin ọdún 2018 ní kí ẹ kọ́kọ́ dá ọmọ yìí lóhùn." Ọdún 2018 ló wà lórí òfin náà lóòótọ́. Ìyá tó gbé ọmọ ńlá sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ dúró títí di ọ̀sán.

Ti owó oògùn ńkọ́? Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán kọ́bọ̀ kan nínú náírà kan owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ti May 2022 wá dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára, àwọn akàndá sì wà lára wọn. Ní Èkìtì, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa ló ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, ẹ mú NIN ọmọ dání, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ orúkọ, kí ẹ sì béèrè oògùn tí káàdì náà máa san àti èyí tí kò ní san. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, ọsibítù ńlá méjì wà nítòsí wa: ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ní ìpínlẹ̀ yìí wà ní Adó náà.

Ilé ìwé pàtàkì wà pẹ̀lú: ti àwọn afọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́, ti àwọn adití ní Ìkòrò, àti ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní Ìdó. Ọmọ tó bá lè lọ, kó lọ. Yàtọ̀ sí ìwé tó ń kà, wákàtí tó fi wà níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń ṣe òwò.

Ta ló ń sanwó fún ìyá?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ló ti fò lọ sí ìlú Òyìnbó ṣe iṣẹ́ kíà. Láti February 2022 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó tì í mọ́ àwọn tó wà lókèèrè ní July 2025. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n gbé èèyàn dìde, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fún un lóúnjẹ, kí wọ́n yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé èèyàn láìba ẹ̀yìn jẹ́, wọ́n sì ń sanwó wákàtí fún wọn. Owó yẹn la fi ń kọ́lé ní Ìgèdè. Iṣẹ́ kan náà ni ìyá Kẹ́hìndé ń ṣe, àfi pé kò sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹbí tó ń tọ́jú ẹbí náà ń gba nǹkan. Láti 1976 ni wọ́n ti ń san owó kékeré kan fún ẹni tó fi wákàtí 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tọ́jú akàndá. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò kọ́kọ́ fún obìnrin tó wà nílé ọkọ, wọ́n ní nílé náà ló ṣáà máa wà tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jacqueline Drake, tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tọ́jú ìyá rẹ̀, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ Yúróòpù, ó sì jàre ní 1986. Kó yé wa pé àánú kọ́ ló mú owó yẹn wá. Ẹnì kan ló jókòó ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Ní South Africa, Áfíríkà wa níbí, ìjọba ń san owó oṣù fún òbí tó ń tọ́jú ọmọ tí àìlera rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sọ pé Èkìtì kò lè ṣe é. Ní 2011, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65. Wọ́n wọ ìlú dé ìlú, wọ́n ka àwọn arúgbó, wọ́n kọ orúkọ wọn. Ẹni tó lè ka arúgbó lè ka olùtọ́jú.

Kí owó ìjọba tó dé, iṣẹ́ wà tí àwa fúnra wa lè ṣe. Àwa òbí díẹ̀ láti Ìgèdè àti Ìyìn máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi. À ń kọ́ ara wa bí a ṣe ń gbé ọmọ: orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí ẹ fa ọmọ mọ́ra kí ẹ tó dìde. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìyá kan bá fẹ́ lọ ọjà, òmíràn á bá a jókòó ti ọmọ. Ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ tí ìyá fi sùn tàbí tó fi lọ ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, oògùn ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo rọ̀ yín: púpọ̀ nínú wa ló ń rìn lọ nígbà tí irú ọmọ yìí bá dé. Ẹ dúró. Kò sí ẹni tó lè dá iṣẹ́ yìí ṣe, ẹni tó bá sì lágbára jù nínú ilé ló yẹ kó máa gbé èyí tó wúwo jù.

Ìgèdè ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn wà. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n kò tíì gba owó. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ akàndá sílẹ̀, kí wọ́n fa ìlà kan kún ìwé náà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, àti wákàtí tó ń lò lóòjọ́. Bí orúkọ méjèèjì bá wà lójú ewé kan náà, ìjọba tó bá dé lọ́la kò ní lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí òun jẹ ní gbèsè.